Òfin Tí Ìbẹ̀rù Bí Kì Í Tètè Kú

Ìtàn ni a fẹ́ sọ lọ́tẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìtàn tó kan ilé wa ni. Ẹ pe àwọn ọmọ jókòó kí ẹ tó kà á.

Àwa tí a ń gbé ní Barking kò lè gbàgbé òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday, ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, ọdún 2017. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, àwọn ọkùnrin mẹ́ta fi ọkọ̀ gbá ènìyàn lórí London Bridge, wọ́n sì fi ọ̀bẹ gún àwọn mìíràn ní Borough Market. Ènìyàn 8 ni wọ́n pa. Àwọn ọlọ́pàá yìnbọn pa àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Olórí wọn, Khuram Butt, Barking níbí ló ń gbé. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá já wọ ilé ní àdúgbò wa, wọ́n sì kó ènìyàn 12 lọ, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú gbogbo wọn sílẹ̀. Wọn kò fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀, òtítọ́ sì ni méjèèjì. Àkọ́kọ́ ni pé ibi ṣẹlẹ̀, láàárín wa ni ẹni tó ṣe é sì wà. Èkejì ni pé a kó ènìyàn 12 tí a kò rí ẹ̀sùn kà sí lọ́rùn. Lọ́jọ́ yẹn, òfin rántí dá wọn sílẹ̀ kíákíá. Ìgbà kan wà tí kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1974

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1974, bọ́ǹbù bú ní ilé ọtí ní Guildford, ènìyàn 5 kú. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kọkànlá, òmíràn bú ní ilé ọtí méjì ní Birmingham, ènìyàn 21 kú. Àwọn ọmọ ogun abẹ́lẹ̀ ilẹ̀ Ireland tí a mọ̀ sí IRA ló wà nídìí rẹ̀. Inú bí gbogbo ìlú, ó sì tọ́ kó bí wọn. Ọjọ́ 8 péré lẹ́yìn ti Birmingham, àwọn aṣòfin ti gbé Prevention of Terrorism Act jáde. Òfin náà fàyè gba ọlọ́pàá láti ti ènìyàn mọ́lé fún ọjọ́ 7 láìfi ẹ̀sùn kàn án, bí mínísítà bá ti fọwọ́ sí i. Ìjọba sì lè lé ọmọ Ireland kúrò ní England láìgbé e dé iwájú adájọ́. Oṣù 6 ni wọ́n ní òfin náà yóò lò. Wọ́n ń sọ ọ́ dọ̀tun títí ó fi lé ní ọdún 25, lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Terrorism Act ti ọdún 2000 rọ́pò rẹ̀, èyí tí kò ní gbèdéke kankan.

Àwọn wo ni òfin náà kọ́kọ́ mú? Nítorí Guildford, wọ́n mú Gerry Conlon, Paul Hill, Paddy Armstrong àti Carole Richardson tó jẹ́ ọmọ ọdún 17. Wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé àwọn jẹ̀bi, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìyà àti ìhàlẹ̀ ló mú àwọn ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n gbére ni adájọ́ rán wọn ní 1975. Giuseppe Conlon, bàbá Gerry, wá láti Belfast láti wá agbẹjọ́rò fún ọmọ rẹ̀. Ilé ẹbí ìyàwó rẹ̀ ní London ló dé sí, ibẹ̀ ni wọ́n ti mú òun náà pẹ̀lú onílé, Anne Maguire, ọkọ rẹ̀ àti ọmọkùnrin wọn méjì. Patrick, èyí àbúrò nínú àwọn méjèèjì, jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí wọ́n dá a lẹ́bi. Bàbá Gerry kú sínú ẹ̀wọ̀n náà ní 1980. Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé e yẹ̀ wò: bàbá tó wá wá lọ́yà fún ọmọ rẹ̀ ni kò padà sílé mọ́.

Nítorí Birmingham, ọkùnrin mẹ́fà ni wọ́n rán lẹ́wọ̀n gbére. Wọ́n ní àyẹ̀wò fi hàn pé ẹ̀tù bọ́ǹbù wà lọ́wọ́ àwọn kan nínú wọn. Nígbà tó yá ni àwọn onímọ̀ sọ pé káàdì tí ènìyàn fi ń ta lásán lè mú kí àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ sọ ohun kan náà. Àwọn ọkùnrin náà sì ti ń ta káàdì nínú rélùwéè lọ́jọ́ náà. Wọ́n pe ọlọ́pàá lẹ́jọ́ nítorí lílù tí wọ́n lù wọ́n. Lord Denning, àgbà adájọ́, dá ẹjọ́ náà dúró ní 1980. Àlàyé rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá jàre, a jẹ́ pé àwọn ọlọ́pàá parọ́, wọ́n sì lu ènìyàn, ìyẹn yóò sì burú jù fún ilẹ̀ náà láti gbọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà. Orúkọ rere ilé ẹjọ́ ló jẹ ẹ́ lógún, kì í ṣe ọrùn ènìyàn mẹ́fà.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Wọ́n tú àwọn ti Guildford sílẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá 1989, nígbà tí àṣírí tú pé wọ́n ti yí àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá padà. Àwọn mẹ́fà ti Birmingham jáde ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 1991, lẹ́yìn ọdún 16. Ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn ìdílé ènìyàn 21 tó kú. Títí di òní, wọn kò tíì rí ẹnikẹ́ni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi lọ́nà tó tọ́ fún ikú ènìyàn wọn. Bí a bá ti aláìṣẹ̀ mọ́lé, ẹni tó ṣẹ̀ ń rìn káàkiri.

Nílé náà, a mọ̀ ọ́n

Kò yẹ kí ìtàn yìí ṣàjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá. Nígbà tí wọ́n fi ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí ìjọba kan Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1962, ó yan agbẹjọ́rò kan láti London, E.F.N. Gratiaen. Ìjọba kò jẹ́ kí ó wọ Nàìjíríà. Ní oṣù Kẹsàn-án 1963, Adájọ́ Sówèmímọ̀ rán Awólọ́wọ̀ lẹ́wọ̀n ọdún 10. Ní 1966, Gowon dá a sílẹ̀, nígbà tó sì di 1967, ẹni tí wọ́n pè ní ọlọ̀tẹ̀ ti di kọmíṣọ́nà ètò ìnáwó gbogbo Nàìjíríà.

Òfin ológun Decree 2 ti 1984 náà ńkọ́? Òun ló jẹ́ kí ìjọba máa ti ènìyàn mọ́lé láìsí ẹjọ́ nítorí ohun tí wọ́n pè ní ààbò ìlú. Ní 1995, ìgbìmọ̀ ológun dá Dókítà Beko Ransome-Kuti lẹ́jọ́ ní ìkọ̀kọ̀. Ní oṣù Kẹta 1997, ìjọba Abacha fi ẹ̀sùn tó ń gba ikú kan Wọlé Ṣóyínká àti àwọn mìíràn, wọ́n ní àwọn ló wà nídìí bọ́ǹbù tó ń bú nílé. Ṣóyínká wà lókèèrè nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ pé orílẹ̀-èdè tó gbà á sílé gba ọ̀rọ̀ Abacha gbọ́ láìbéèrè ẹ̀rí ni, kí ni ì bá ṣẹlẹ̀? Lẹ́yìn tí Abacha kú ní oṣù Kẹfà 1998, wọ́n fagi lé ẹ̀sùn náà, Ṣóyínká sì padà sílé ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Pàṣán tó wà lájà

Àwọn kan lè sọ pé ti àwọn ará Ireland nìyẹn. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ní 2001, ìjọba ilẹ̀ yìí ṣe òfin tó fi lè ti àjèjì mọ́lé láìsí ẹjọ́. Ẹ̀wọ̀n Belmarsh, ní òdìkejì odò Thames sí wa, ni wọ́n kó púpọ̀ nínú wọn sí. Ní oṣù Kejìlá 2004, adájọ́ àgbà 8 nínú 9 ní House of Lords sọ pé kò tọ́, nítorí pé àjèjì nìkan ni òfin náà dè, bẹ́ẹ̀ ewu náà kò mọ àjèjì yàtọ̀ sí onílé. Lábẹ́ ẹ̀ka 44 òfin ọdún 2000, èyí tí wọ́n ti fagi lé ní 2012, ọlọ́pàá lè dá ẹnikẹ́ni dúró nígbà náà kó yẹ ara rẹ̀ wò láìní ìdí kankan. Gbogbo London ló wà lábẹ́ àṣẹ yìí nígbà náà láti 2001, aráàlú kò sì mọ̀. Láàárín 2009 sí 2010, wọ́n lo àṣẹ náà ní ìgbà tó lé ní 101,000. Kò sí ẹyọ ẹnìkan tí wọ́n torí rẹ̀ mú fún ẹ̀sùn agbésùnmọ̀mí. Àwọn aláwọ̀ dúdú àti ará Éṣíà ni wọ́n dá dúró jù bí iye wọn ti mọ. Ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Yúróòpù ní Strasbourg ló sọ ní oṣù Kìíní 2010 pé àṣẹ náà tẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn lójú.

Òmíràn wà tó kan àwa gan-an. Òfin jẹ́ kí mínísítà gba ìwé ọmọ onílùú lọ́wọ́ ènìyàn, àti láti 2022, ó lè ṣe é nígbà mìíràn láìkọ́kọ́ sọ fún un. Nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà wọn kò gbọdọ̀ sọ ènìyàn di aláìnílùú, orí ẹni tó ní ìlú méjì ni ẹrù náà ń já lé jù. Mélòó nínú wa ni kò ní páálí méjì nínú àpótí?

A kò gbèjà apànìyàn. Nígbà tí wọ́n pa ọmọ ogun Lee Rigby ní Woolwich ní 2013, orúkọ àwọn tó pa á jẹ́ orúkọ bíi tiwa: Adebolajo àti Adebowale. Ojú tì wá. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ẹjọ́ wọn ní gbangba, wọ́n mú ẹ̀rí wá, àwọn agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀, wọ́n sì rán wọn lẹ́wọ̀n gbére. Kò sí ẹni tó ní láti lù wọ́n kí òtítọ́ tó jáde. Ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kì í wó.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ wa. Bí ọlọ́pàá bá dá wọn dúró, kí wọ́n má bú u, kí wọ́n má sì sá. Bí wọ́n bá mú wọn lọ sí àgọ́, wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí agbẹjọ́rò lọ́fẹ̀ẹ́. Kí wọ́n béèrè rẹ̀. Kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé tí wọn kò kà. Àwa òbí náà, bí ìbẹ̀rù bá tún gba ìlú, tí a sì ní kí á yára ṣe òfin, ẹ jẹ́ kí á kọ̀wé sí aṣojú wa, kí á bi í léèrè ọjọ́ tí òfin náà yóò parí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí á rí ogun, kò sì ní jẹ́ kí á jìyà ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀. Àmín.