Ìlú Ńlá Nínú Ilé Bàbá Ẹni

Ìrìn àjò ọ̀dọ́ akọ̀wé kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ka ìtàn àròsọ Yorùbá tàbí tí ó ń wo eré orí ìtàgé wa. Yóò kàwé ní abúlé bàbá rẹ̀, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, yóò rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì, yóò sì máa padà wálé ní àsìkò Kérésìmesì pẹ̀lú búrẹ́dì àti aṣọ tuntun. Ìlú ńlá wà níwájú, ilé wà lẹ́yìn, ọ̀nà jíjìn sì wà láàárín méjèèjì. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ìtàn yìí ní Adó-Èkìtì, níbi tí ìlú ńlá ti wá bá ọ̀dọ́ akọ̀wé nínú ilé bàbá rẹ̀.

Kì í ṣe òní, kì í ṣe àná ni ọmọ Èkìtì ti ń fi ilé sílẹ̀. Ní àkókò ogun Kírìjì, tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1870, tí a sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn àlàáfíà rẹ̀ ní 1886, ọ̀pọ̀ ọmọ Èkìtì ni ó wà ní Ìbàdàn tí kì í ṣe ẹsẹ̀ ara wọn ni wọ́n fi lọ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà ní Èkó tí wọ́n ń ṣòwò, tí àwọn mìíràn nínú wọn sì ti mọ̀wé. Àwọn wọ̀nyí àti àwọn Ìjẹ̀ṣà ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ Èkìtì Parapọ̀ sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n kó owó jọ, wọ́n sì fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí ojú ogun. Ẹ kíyè sí i pé láti ìgbà náà ni ojú ilé ti wà lára ẹni tí ó wà ní ìlú ńlá. Bí ó ti wù kí ó rí, ẹsẹ̀ ni ìránṣẹ́ ilé fi ń rìn nígbà náà. Kí ó tó dé Èkó, ẹni tí a rán an sí ti ní ọjọ́ púpọ̀ láti fi ṣe ti ara rẹ̀.

Ní 1913, àwọn òyìnbó amúnisìn sọ Adó di olú ibùjókòó ìṣàkóso ẹkùn Èkìtì. Ní 1933, Henry Dallimore, àlùfáà ìjọ C.M.S., dá ilé-ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ lónìí sí Christ's School sílẹ̀ ní ìlú náà. Ilé-ẹ̀kọ́ yìí wà ní Adó, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là kò dúró ní Adó. Ẹ wo J. F. Adé Àjàyí, onímọ̀ ìtàn tí òkìkí rẹ̀ kàn ká ayé. Ìkòlé-Èkìtì ni a ti bí i ní 1929. Ó kàwé ní Ekiti Central School ní Adó, kí ó tó gba Igbóbì College lọ ní Èkó, láti ibẹ̀ sí Ìbàdàn, àti láti Ìbàdàn sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí ọmọ bá ti mọ̀wé tó ni yóò ti jìnnà sí ilé tó. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó, àti Adéyínká Adébáyọ̀, ọmọ Ìyìn, ìlú tí kò ju ìrìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ sí Adó nínú ọkọ̀, ni wọ́n ṣàkóso Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà tẹ̀ léra wọn ní 1966. Ìbàdàn ni wọ́n ti ṣe é. Ní Adó, ọgbà ìgbafẹ́ tí a fi sọrí Fájuyì wà títí di òní.

Ọ̀kan ṣoṣo ni ó máa ń dúró sílé nínú àwọn akọ̀wé, òun sì ni tíṣà. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, kò sí abúlé tí kò wá tíṣà. Tíṣà ní kẹ̀kẹ́, ó ní ṣòkòtò péńpé tí a lọ̀ dáadáa, òun ni ó ń ka lẹ́tà fún gbogbo àdúgbò, òun náà ni ó sì ń kọ èsì. Nípa bẹ́ẹ̀, ó mọ àṣírí gbogbo ilé. Àwọn ọmọ tí ó kọ́ a máa kọjá lára rẹ̀ lọ sí Èkó. Mo máa ń rò pé a kò tíì kọ ìtàn tíṣà yìí bí ó ti yẹ, nítorí òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó jẹ owó oṣù láàárín àwọn ẹbí rẹ̀, tí ohun tí ń bọ̀ wá ba gbogbo òṣìṣẹ́ Adó sì kọ́kọ́ ba.

Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní 1976, Àkúrẹ́ di olú-ìlú, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ Èkìtì sì rí iṣẹ́ ìjọba síbẹ̀. Àkúrẹ́ kò jìnnà, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n níbẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá, ọdún 1996, ìjọba ológun Abacha kéde ìpínlẹ̀ Èkìtì mọ́ ìpínlẹ̀ márùn-ún mìíràn, Adó sì di olú-ìlú. Àwọn òṣìṣẹ́ ọmọ Èkìtì kó ẹrù wọn kúrò ní Àkúrẹ́. Ayọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ó sì yẹ kí ó wà, nítorí àwọn ọba àti àwọn àgbà wa ti béèrè fún un pẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé Adó kì í ṣe ìlú ńlá, pé bí ènìyàn bá ti rí Èkó, ohun tí ó kù kò tó nǹkan. N kò bá wọn jiyàn lórí iye ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Adó ní yunifásítì, ó ní pólí, ó ní ilé ẹjọ́ gíga, ó sì ti ní afárá tí ọkọ̀ ń gba orí rẹ̀ kọjá láàárín ìgboro láti 2018. Ohun tí kò ní ni àǹfààní àtijẹ́ àlejò. Ní Èkó, ọ̀dọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ lè jẹ́ ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ bàbá rẹ̀. Ní Adó, ọ̀gá rẹ̀ ní ọ́fíìsì lè jẹ́ àbúrò ìyá rẹ̀, mẹ́sẹ́ńjà tí ó ń gbé fáìlì kiri sì lè jẹ́ àgbà ní agbo ilé wọn, ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dọ̀bálẹ̀ kí ní àárọ̀ kí ó tó rán an níṣẹ́ ní ọ̀sán.

Èdè pàápàá ń fi èyí hàn. Nínú ìpàdé, ọ̀dọ́ yìí yóò sọ Yorùbá àjùmọ̀lò tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Bí ó bá bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, "ilé" di "ulé", "iṣẹ́" di "uṣẹ́". Èdè àwọn bàbá wa kò fi "o" àti "ẹ" pààlà láàárín ọmọdé àti àgbà bí ti Ọ̀yọ́. Ọ̀nà mìíràn ni a ń gbà bu ọlá fún àgbà. Nítorí náà, ọkùnrin kan náà tí ó jẹ́ "ẹ̀yin" lórí àga ní ọ́fíìsì lè di "ìwọ" nígbà tí ọ̀rọ̀ bá wọ èdè ilé, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i sí àrífín. Àwọn tí ó ti ilẹ̀ Ọ̀yọ́ wá ṣiṣẹ́ ní Adó a máa yanu.

Ọ̀rọ̀ owó ni ó wá le jù. Ẹni tí ó wà ní Èkó ń fi owó ránṣẹ́, ó sì lè sọ pé ọkọ̀ ni kò sí. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Adó, tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìyìn tàbí Ìwòrókò, kò ní ọkọ̀ kankan tí yóò dá lẹ́bi. Ọjọ́ tí owó oṣù wọlé, ilé ti mọ̀, nítorí ọmọ aládùúgbò náà ń gba owó oṣù ní ọjọ́ kan náà lọ́wọ́ ìjọba kan náà. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti yọ tirẹ̀ kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀, owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò ń dúró, aṣọ ẹbí méjì wà nílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọdún 2016 fi ojú kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn. Owó epo rọ̀bì ti já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò sì lè san owó oṣù déédéé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ Èkìtì daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí owó oṣù tí wọn kò rí gbà. Adó kò ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá bí ti Ìkẹjà. Owó oṣù ìjọba ni ó ń lọ láti ọwọ́ akọ̀wé sí ọwọ́ oníyán, láti ọwọ́ oníyán sí ọwọ́ ọlọ́kadà, tí ó sì ń gba ọwọ́ ọlọ́kadà dé ọ̀dọ̀ onílé. Nígbà tí orísun rẹ̀ gbẹ, gbogbo wọn ni òǹgbẹ gbẹ. Nígbà náà ni iṣu, èlùbọ́ àti epo pupa bẹ̀rẹ̀ sí í ti oko bàbá wọ ìgboro wá. Òbí tí kò ní owó oṣù rí láyé rẹ̀ ń bọ́ ọmọ tí ó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì. Ìtìjú wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ, n kò sì ní fi bò. Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò san owó fún ní ìlú òkèèrè a máa fi ebi sùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí a tì pa. Ní Adó, ìtòsí ilé tí ó ń tú àpò òṣìṣẹ́ náà ni kò jẹ́ kí ebi pa á.

Fóònù ti ń sọ gbogbo ọmọ Èkìtì di ará Adó báyìí. Ẹbí tí ó wà lórí WhatsApp ń rí ẹni tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni pé ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìròyìn òkú kò sì dúró de ìránṣẹ́ mọ́. Síbẹ̀, ìyàtọ̀ kan ṣẹ́kù, ọjọ́ Jímọ̀ sì ni a máa ń rí i dáadáa. Ọkọ̀ àwọn ará Èkó àti Àbújá ń wọ ìlú ní ìrọ̀lẹ́ fún ìsìnkú ọjọ́ Sátidé. Ọ̀dọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Adó ti ń gba àyè kúrò ní ọ́fíìsì láti ọjọ́ Ajé láti lọ san owó gbọ̀ngàn, láti dúnàádúrà màlúù, àti láti bá àwọn alágbàṣe ibojì ṣe àdéhùn. Ní ọjọ́ Àìkú, àwọn àlejò yóò padà, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún wàhálà ọ̀nà. Bí òun náà bá ní ó rẹ òun, ìyá rẹ̀ yóò wò ó, yóò sì ní, "Ìwọ kò kúkú lọ sí ibì kankan."