Bí A Ṣe Ń Mọ Ọjọ́ Orí Rìfọ́fà Colt Àtijọ́ Kí A Tó Rà Á

Láàrin àwọn tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbọn díẹ̀ ló lókìkí tó rìfọ́fà Colt Single Action Army, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Peacemaker. Ìbọn ìléwọ́ ni rìfọ́fà, àgbá kékeré kan ń yí láàrin rẹ̀, ihò ọta mẹ́fà sì wà lára àgbá ti Colt yìí. Ìlú Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut, ni ilé-iṣẹ́ Colt ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ ní ọdún 1873. Àwọn kan ń rà á láti máa wò ó gẹ́gẹ́ bí ohun ìtàn, àwọn mìíràn ń rà á láti máa fi í dánra wò ní pápá ìyìnbọn. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi: ọdún wo gan-an ni wọ́n rọ ọ́? Lórí ìdáhùn rẹ̀ ni iye owó ìbọn náà, ipò rẹ̀ lábẹ́ òfin àti ààbò ẹni tí yóò yìn ín dúró lé.

Òfin ìbọn tí ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1968 ka ìbọn tí wọ́n rọ ní ọdún 1898 tàbí ṣáájú rẹ̀ sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kò sì fi ọ̀pọ̀ ìlànà tó de ìbọn òde òní dè é. Èyí tí wọ́n rọ ní 1899 ńkọ́? Bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọra bí ìbejì, ìbọn gidi ni lójú òfin. Bí yóò bá ti ìpínlẹ̀ kan dé òmíràn, ó gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ oníṣòwò tàbí olùkójọ tó ní ìwé àṣẹ. Òfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì tún lè le ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni àwọn ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ sára irin ní ẹ̀gbẹ́ òsì ìbọn náà, tó ní ọdún 1871 àti 1872 nínú, tí wọ́n sì fi 1875 kún lẹ́yìn náà. Ọjọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ẹ̀tọ́ àwọn tó ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà ni, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n rọ ìbọn. Àwọn tí wọ́n rọ lẹ́yìn 1900 pàápàá ní in lára.

Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ni ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé. Ẹ dojú ìbọn dé, kí ẹ wo ibi mẹ́ta: ara irin níwájú ibi tí ìka ń wọ̀, ẹ̀yìn ibẹ̀, àti ìdí ìbọn. Nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ bára mu. Bí wọn kò bá bára mu, a jẹ́ pé wọ́n ti to ìbọn méjì pọ̀ di ọ̀kan. Láti orí 1 ni Colt ti bẹ̀rẹ̀ ní 1873, ó sì ti ré kọjá 357,000 nígbà tó dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọdún 1940. Nǹkan bí 182,000 ni wọ́n dé ní ìparí 1898. Nígbà tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní 1956, wọ́n fi lẹ́tà S àti A kún nọ́ńbà. Ìbọn tó bá ní lẹ́tà wọ̀nyí kì í ṣe ti ayé àwọn darandaran Amẹ́ríkà, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ wo bóyá ara ìbọn jẹ́rìí sí nọ́ńbà náà. Títí di nǹkan bí 1896, ìdè kan tó wọlé láti iwájú ló ń di ọ̀pá tí àgbá ń yí lé lórí mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọ́ di ìdè onísípíríǹgì tó gba ẹ̀gbẹ́ kọjá. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ra tiwọn láàrin 1873 sí 1891, wọ́n sì ní àmì U.S. Àmì yìí ń gbówó lérí, nítorí náà ni àwọn oníjìbìtì ṣe ń tẹ ayédèrú rẹ̀. Ìbọn tí wọ́n sì ti dán tàbí tí wọ́n tún kùn kì í níye lórí tó èyí tí àwọ̀ àtètèkọ́ṣe rẹ̀ ti ṣá. Bí owó bá pọ̀, ẹ sanwó fún lẹ́tà láti inú àkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Colt, èyí tí yóò sọ ọjọ́ tí ìbọn náà kúrò lọ́dọ̀ wọn.

Ní ti yíyìn ín, ọdún 1900 ni Colt tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sọ̀yà pé irin rẹ̀ lè gba ẹ̀tù tí kò ní èéfín. Ẹ̀tù dúdú nìkan ló yẹ èyí tó ṣáájú, kí alágbẹ̀dẹ ìbọn sì kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ọta márùn-ún ni kí ẹ kì, kí òòlù rẹ̀ dúró lórí ihò tó ṣófo, nítorí pé bí ó bá já bọ́, ó lè dún fúnra rẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa tó wà lókè òkun, ẹ má ṣe rò pé ẹ lè gbé irú rẹ̀ bọ̀ wá sílé. Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka rìfọ́fà àti gbogbo ìbọn ìléwọ́ sí ohun èèwọ̀, títí kan ti àtijọ́ tó ń fi òkúta ìṣáná tan ẹ̀tù. Ààrẹ nìkan ló lè fúnni láṣẹ rẹ̀. Ẹni tó bá sì wà níbi tí òfin ti gbà á láyè, kó rántí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Kí ọjọ́ náà jẹ́ ọjọ́ tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín.