Ìjókòó Òǹwòran Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Pápá Erùpẹ̀

Ẹ̀yin ará wa ní Bolton, bóyá ẹ ti bá ọkọ̀ akẹ́rù kan pàdé lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ tàbí Sátidé nígbà ooru, tí ó ń fa ọkọ̀ kékeré tí a kọ nọ́ńbà gàdàgbà sí lára, tí ẹrẹ̀ ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá ṣì lẹ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀. Eré ìje orí erùpẹ̀ ni wọ́n ń gbé e lọ. Ìtàn eré yìí ti pẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ontario, ó sì kan àwa aláwọ̀ dúdú ju bí ọ̀pọ̀ wa ti rò lọ.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 1952 ni ẹgbẹ́ NASCAR kọ́kọ́ gbé eré ìje ńlá rẹ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Pápá Stamford Park, ní Niagara Falls ti Ontario, ni wọ́n ti ṣe é, lórí erùpẹ̀ tí ìyípo rẹ̀ jẹ́ ìdajì máìlì. Buddy Shuman ni ó borí, nínú ọkọ̀ Hudson Hornet. Ẹ kíyè sí ọkọ̀ náà. Ọjà orí àtẹ ni, òun ni àwọn òyìnbó sì ń pè ní stock car. Òǹwòran tí ó jókòó lórí pákó lè ní irú rẹ̀ níta, tí yóò fi gbé ìyàwó àti ọmọ relé. Ẹni tí ó bá wọ aṣọ funfun lọ sí irú eré bẹ́ẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀ ni yóò wọ̀ bọ̀.

Toronto náà ní tirẹ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje ọdún 1958, ní pápá Canadian National Exhibition, Lee Petty gba ipò kìíní, ọmọ rẹ̀ Richard, tí wọ́n wá ń pè ní ọba eré náà, sì kópa nínú eré ńlá fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọ̀dà ni wọ́n fi tẹ́ pápá yẹn. Wọ́n ti wó o ní ọdún 1999. Àwọn agbábọ́ọ̀lù ni wọ́n ń lo ibẹ̀ báyìí, ní BMO Field.

Ọ̀dà ni ó gba ipò erùpẹ̀ níkẹyìn. Ní oṣù Kẹsán-án ọdún 1970, ní Raleigh, NASCAR sáré lórí erùpẹ̀ kẹ́yìn ní ìpele rẹ̀ tí ó ga jù lọ, kò sì padà síbẹ̀ títí di ọdún 2021, nígbà tí wọ́n da erùpẹ̀ bo pápá Bristol. Ọdún mẹ́ta péré ni èyí náà fi wáyé. Láàárín àkókò yìí, tẹlifíṣọ̀n ti gbé Daytona 500 ti ọdún 1979 sáfẹ́fẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òǹwòran di ẹni tí ń wo eré láìjẹ eruku.

Ṣùgbọ́n ta ni ó lè jókòó síbẹ̀ láìfòyà? Ní ọdún 1952 kan náà, ní ìlú Danville, ní Virginia, àwọn tí ń ṣètò eré ìje ń wá bí àwọn aláwọ̀ dúdú yóò ṣe máa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní kí a wá awakọ̀ dúdú kan. Wọ́n bi àwọn ọlọ́pàá léèrè, àwọn ọlọ́pàá sì dárúkọ Wendell Scott, nítorí wọ́n ti lé e títí nígbà tí ó ń fi ọkọ̀ kó ọtí tí ìjọba kò fọwọ́ sí, irú èyí tí àwa ń pè ní ògógóró! Àwọn òǹwòran kan hó lé e lórí. Kò torí ìyẹn padà lẹ́yìn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1963, lórí pápá erùpẹ̀ kan ní Jacksonville, ní Florida, Scott fi ìyípo méjì ṣáájú gbogbo wọn. Buck Baker, òyìnbó, ni wọ́n kéde. Òun ni wọ́n gbé ife ẹ̀yẹ fún. Ìgbà tí àwọn òǹwòran ti túká tán ni àwọn aláṣẹ tó gbà pé Scott ni ó borí, wọ́n sì san owó rẹ̀ fún un. Àwọn àgbà ní ìròyìn kò tó àfojúbà. Síbẹ̀ àwọn tí wọ́n fi ojú ara wọn wo eré yẹn gbé irọ́ relé. Ó ṣòro fún mi láti gbà pé ìṣirò lásán ni ó ṣì wọ́n lọ́wọ́. Scott kú ní ọdún 1990. Oṣù Kẹjọ ọdún 2021 ni NASCAR tó gbé ife fún ìdílé rẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2020 ni ẹgbẹ́ náà fòfin de àsíá àwọn ìpínlẹ̀ gúúsù tí wọ́n jagun nítorí oko ẹrú, èyí tí àwọn òǹwòran kan máa ń ta káàkiri pápá. Bubba Wallace, awakọ̀ dúdú, ti borí lórí erùpẹ̀ Eldora, ní Ohio, ní ọdún 2014 nínú eré àwọn ọkọ̀ akẹ́rù. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, ní Talladega, ó di ẹnì kejì lẹ́yìn Scott tí ó borí ní ìpele tí ó ga jù lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ rí erùpẹ̀ fúnra yín, pápá Merrittville ní Thorold ti wà láti ọdún 1952, ti Ohsweken, lórí ilẹ̀ àwọn Six Nations, sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996. Àwọn ọkọ̀ ibẹ̀ kò jọ ti orí àtẹ mọ́. Páànù pẹlẹbẹ ni wọ́n fi bo ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ má ṣe jókòó sí itòsí kọ́nà, amọ̀ máa ń fò dé ibẹ̀, kí ẹ sì mú ìdí-etí dání fún àwọn ọmọ.