Ọ̀nà Warri sí Sapele: Kí Ni Ó Ń Sọ Ìlú Di Ìlú Àgbáyé?

Ní ayé òde òní, ó ṣọ̀wọ́n kí á rí olórí ìjọba tí kò ní ṣèlérí pé òun yóò sọ ìlú tí òun ń ṣàkóso di ìlú tí ó tó gbangba sùn lọ́yẹ́ láàárín àwọn ìlú àgbáyé. Bí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀ tán, ohun tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni afárá gíga, ilé alájà púpọ̀, pápá ọkọ̀ òfurufú àti òpópónà tí iná ń tàn sí ní òru. Gbogbo ìwọ̀nyí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ìtàn kò fi hàn wá pé àwọn ni ìpìlẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí á jọ gbé yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni pé kí ni ó ń sọ ìlú di ìlú àgbáyé ní tòótọ́? Ọ̀nà kan ní ìlú Warri, ní ìpínlẹ̀ Delta, ni yóò jẹ́ atọ́nà wa.

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti dé Warri rí yóò mọ ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Warri–Sapele Road. Láti àárín ìlú àtijọ́ ni ó ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí kò jìnnà sí odò. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà Igbudu, ó kọjá ní oríta Enerhen, ó sì dé oríta ńlá Effurun, kí ènìyàn tó máa bá ìrìn àjò rẹ̀ lọ sí Sapele, tí ó wà ní nǹkan bí kìlómítà 50 sí Warri. Àwọn Itsekiri, Urhobo àti Ijaw ni wọ́n ń pe agbègbè yìí ní ilé baba wọn. Yorùbá, Ìgbò, Ẹdó àti Hausa sì ń bá wọn tajà níbẹ̀. Èdè pijin ni gbogbo wọn jọ fi ń ná ọjà. Ọ̀rọ̀ Warri kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àjèjì sí àwa tí a ń kọ́ ìmọ̀ Yorùbá. Ìbátan tímọ́tímọ́ ni èdè Itsekiri àti èdè Yorùbá, àti pé títí di ọdún 1963, tí wọ́n yọ Ẹkùn Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, Ìbàdàn ni ìjọba tí ó ń ṣàkóso Warri fìdí kalẹ̀ sí.

Bí ó bá jẹ́ pé mímọ̀ tí ayé mọ ìlú ni ó ń sọ ọ́ di ìlú àgbáyé, Warri ì bá ti wà ní ipò iwájú tipẹ́tipẹ́. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ fún wa pé Ginuwa, ọmọ ọba Benin, ni ó tẹ ìjọba Itsekiri dó ní nǹkan bí ọdún 1480. Lẹ́yìn èyí ni àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣòwò, tí wọ́n sì mú ẹ̀sìn Kìrìsìtẹ́nì wá fún wọn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ọmọ ọba kan tí àwọn Potogí sọ ní Domingos lọ kàwé ní ilẹ̀ wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ó fẹ́ ìyàwó ní ọ̀hún, ó padà wálé, ó sì jọba. Òun ni a mọ̀ sí Olu Atuwatse Kìíní. Ẹ jẹ́ kí á ro ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Nígbà tí ọmọ ọba yìí ń kàwé ní òkè òkun, ó ṣì ku ohun tí ó lé ní igba ọdún kí àwọn jagunjagun tó tẹ̀dó sí Ìbàdàn ní 1829. Àwọn ará Hollandi pàápàá kò tí ì tẹ ìlú tí a wá mọ̀ sí New York dó.

Kí ni ó wá fà á tí Warri fi ṣáájú bẹ́ẹ̀ tí kò sì débẹ̀? Ìdáhùn kan wà nínú orúkọ ẹnu odò tí ọkọ̀ ojú omi ń gbà wọ Warri láti inú òkun, èyí tí àwọn Potogí sọ ní Escravos. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wọn ni “àwọn ẹrú”. Ènìyàn wà lára ọjà tí wọ́n ń kó jáde ní agbègbè yìí. Nígbà tí òwò ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀, epo pupa gba ipò rẹ̀. Olóyè Nana Olomu di ọlọ́rọ̀ àti alágbára nínú òwò yìí ní Ebrohimi, lẹ́bàá odò Benin. Ṣùgbọ́n nígbà tí agbára rẹ̀ di ìdènà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fẹ́ gba òwò náà sí ọwọ́ ara wọn, wọ́n pa Ebrohimi run ní 1894, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Èbúté Liverpool ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú epo pupa Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ń gúnlẹ̀ sí nígbà náà. Ní òdìkejì odò Liverpool ni William Lever ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìlú Port Sunlight ní 1888 fún àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọṣẹ rẹ̀, pẹ̀lú ilé tí ó dára àti ọgbà òdòdó. Epo ọ̀pẹ sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ.

Lẹ́yìn epo pupa ni igi gẹdú. Káfíńtà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà mọ igi kan tí wọ́n ń pè ní sapele, tí wọ́n fi ń ṣe ilẹ̀kùn àti gìtá, bẹ́ẹ̀ ni púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé orúkọ ìlú ni. Lẹ́yìn igi ni epo rọ̀bì, tí Nàìjíríà kọ́kọ́ tà sí òkè òkun ní 1958, tí èyí tí wọ́n ń wà ní agbègbè Warri sì ń gba Forcados àti Escravos jáde títí di òní. Ọrọ̀ ń pààrọ̀ ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìhà kan náà ni ó ń kọrí sí. Ọ̀nà ni Warri jẹ́ fún un. Kò di ilé rẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà yóò rí ẹrù púpọ̀ tí ń kọjá, ṣùgbọ́n rírí ẹrù kò sọ ọ́ di ẹlẹ́rù.

Àwọn onímọ̀ ti sọ̀rọ̀ lórí èyí. Láti ọdún 1915 ni Patrick Geddes, ará Scotland, ti lo ọ̀rọ̀ náà “ìlú àgbáyé” nínú ìwé rẹ̀. Ní 1991, Saskia Sassen kọ ìwé kan lórí New York, Lọndọnu àti Tokyo. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé bí òwò ṣe ń tàn ká gbogbo ayé tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń darí rẹ̀ ń kó ara wọn jọ sí ìwọ̀nba ìlú díẹ̀. Kò sí kànga epo ní àárín Lọndọnu, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dá iye owó epo.

Ẹ jẹ́ kí á fi èyí wo ìlú méjì. Stavanger ní ilẹ̀ Norway jẹ́ ìlú apẹja tí ó ń di ẹja sínú agolo tà. Nígbà tí wọ́n rí epo ní abẹ́ òkun wọn ní 1969, ìjọba dá iléeṣẹ́ epo ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀ ní 1972, wọ́n sì fi ibùjókòó rẹ̀ sí Stavanger. Ní ọdún 1972 yìí kan náà ni ìjọba Nàìjíríà dá ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ epo sílẹ̀ ní Effurun. Ohun rere ni ilé ẹ̀kọ́ náà, ó sì ti tọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dá NNPC sílẹ̀ ní 1977, Èkó ni wọ́n fi olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sí, kí ó tó kó lọ sí Abuja. Wọ́n fún Stavanger ní àga olórí. Wọ́n fún Effurun ní àga akẹ́kọ̀ọ́. Iléeṣẹ́ ìfọpo Warri bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1978, iléeṣẹ́ irin Aladja sì tẹ̀ lé e ní 1982, ṣùgbọ́n ọ̀nà jíjìn ni àṣẹ wọn ti ń wá. Ojú irin láti Itakpe sí Warri tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1987, ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i. Iléeṣẹ́ ìfọpo náà wà ní títì fún ọdún púpọ̀. Wọ́n kéde ní oṣù Kejìlá 2024 pé ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì tún dákẹ́ ní oṣù Kìíní 2025.

Ẹnìkan lè sọ pé bí owó bá ti dúró nílé, ọ̀rọ̀ ti parí. Òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Nígbà tí àwọn ẹkùn ní agbára lórí owó wọn, Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fi owó kòkó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, àwọn ọmọ Warri sì jàǹfààní rẹ̀ pẹ̀lú tiwa. Òfin 1960 fún ẹkùn ní ìdajì owó ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ rẹ̀. Òfin 1999 ní kí ó má dín ní ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún. Síbẹ̀, ìdá 13 náà kì í ṣe owó kékeré. James Ibori, tí ó ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ Delta láti 1999 sí 2007, gbà ní ilé ẹjọ́ Lọndọnu ní 2012 pé òun jẹ̀bi jìbìtì àti fífi owó pamọ́ lọ́nà àìtọ́, wọ́n sì rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 13. Ọmọ ilé pàápàá lè gbé ẹrù ilé lé ọ̀nà.

Ohun kejì ni àlàáfíà. Ní 1997, wọ́n gbé ibùjókòó ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kan kúrò ní Ogbe-Ijoh lọ sí Ogidigben. Ìjà tí ó ti ibẹ̀ ṣẹ́ yọ láàárín àwọn tí wọ́n ti jọ gbé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kò rọlẹ̀ títí di 2003. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ará Warri sì ní láti máa ṣọ́ àdúgbò tí òun lè gbà kọjá. Ní 2003, àwọn iléeṣẹ́ epo ti kànga wọn pa dé ibi pé epo tí Nàìjíríà ń wà dín ní ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ọ̀pọ̀ wọn kó ọ́fíìsì wọn lọ, iṣẹ́ sì bá wọn lọ. Àwọn àgbà wa ní ojú ọ̀run tó ẹyẹ í fò láì fara kanra. Ìlú tí a kò bá ti lè jọ rìn ní òpópónà rẹ̀ láìbẹ̀rù, bí ó tilẹ̀ ní wúrà lábẹ́ ilẹ̀, kò tí ì di ìlú.

Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ọ̀nà yìí kò ní ibi tí wọn yóò kó lọ. Àwọn ni wọ́n tún ìsọ̀ wọn ṣí, tí wọ́n tún ń fi pijin kan náà ná ọjà. Láti inú pijin yìí ni ẹ̀rín Warri ti jáde, tí ó sọ Ali Baba di ẹni tí gbogbo Nàìjíríà mọ̀, tí ó sì sọ AY di olókìkí, ẹni tí ó jẹ́ ọmọ Ìfọ̀n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣùgbọ́n tí Warri tọ́ dàgbà. Ẹ kíyè sí i, Èkó ni àwọn méjèèjì ti rí ọlá. Ẹ̀rín pàápàá gba ọ̀nà lọ.

Ní 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ gbé iṣẹ́ afárá oríta Enerhen àti àwọn ibòmíràn fún Julius Berger. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí á yìn ni. Síbẹ̀, afárá a máa mú kí ẹrù tètè kọjá ni. Kò lè dá ẹrù dúró. Ohun tí yóò dá a dúró ni kí àṣẹ lórí ọrọ̀ ìlú wà ní àrọ́wọ́tó àwọn ará ìlú, kí ẹni tí a fi àṣẹ náà lé lọ́wọ́ máa jíhìn fún wọn, kí onílé àti àlejò sì lè jọ gbé láìfòyà. Bí èyí bá wà, ọmọ ìlú tí ó gbọ́n yóò rí ìdí tí òun fi lè dúró.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, iṣẹ́ ń bẹ fún wa nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá dé kíláàsì, ẹ jẹ́ kí á kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ọ̀nà tí ó gba iwájú ilé wọn kọjá: ẹrù wo ni ó gba ibẹ̀ lọ, ta ni ó kó o, kí ni ó sì kù sílẹ̀? Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.