Ìdílé Ológun Kútere àti Ilé Òṣòdì

Púpọ̀ nínú àwọn èrò tí ń wọ ọkọ̀ tí wọ́n sì ń sọ̀ ní Òṣòdì ni kò mọ̀ pé orúkọ ìjòyè Èkó kan ni ìlú náà ń jẹ́. Ìjòyè yìí ni Landuji Òṣòdì Tápà. Ọmọ Tápà ni. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ọba lára rẹ̀. Síbẹ̀, ìjà oyè àwọn ọmọ ọba ni ó sọ ọ́ di ẹni ńlá.

Ní ìdílé Ológun Kútere, Ọba Èkó, kì í ṣe àkọ́bí nìkan ni oyè tọ́ sí, bí ó ti rí nínú ọ̀pọ̀ ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Yúróòpù. Mẹ́ta nínú àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó jọba: Adélé, Òṣìnlókun àti Akítóyè. Olúwolé ọmọ Adélé jọba. Ìdéwù Òjulárí àti Kòsọ́kọ́, àwọn ọmọ Òṣìnlókun, jọba pẹ̀lú. Báyìí ni ọmọ ń bá àbúrò baba rẹ̀ du oyè.

Ilé Òṣìnlókun ni Òṣòdì ti di ènìyàn, nítorí náà ti Kòsọ́kọ́ ni ó ń ṣe. Akítóyè jọba ní 1841, ó sì gbà kí Kòsọ́kọ́ padà wálé láti Wídà. Oore yìí ni ó yọ ọ́ lórí oyè, nítorí Kòsọ́kọ́ fi ogun lé e lọ ní 1845. Ní oṣù Kejìlá 1851, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn ńlá fọ́ Èkó. Kòsọ́kọ́ àti Òṣòdì sá lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ní 1854, Kòsọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé pé òun kò ní bèèrè oyè Èkó mọ́. Dòsùnmú ti gorí oyè Akítóyè baba rẹ̀ ní 1853. Àwọn ọmọ Dòsùnmú, Oyèkàn Kìíní àti Èṣúgbàyí, sì jẹ ẹ́ ní 1885 àti 1901.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó tẹ̀lé ẹni tí a ṣẹ́gun kò parun. Nígbà tí wọ́n padà sí Èkó ní 1862, Òṣòdì àti àwọn ènìyàn rẹ̀ tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní agbo ilé 21. Ó kú ní 1868, oyè rẹ̀ sì di ti ìdílé rẹ̀. Ìṣòro mìíràn ni èyí bí: ta ni ó ni ilẹ̀ náà, ṣé olóyè Òṣòdì ni, tàbí àwọn ọmọ àrọ́tà tí baba wọn bá a wá láti Ẹ̀pẹ́? Ẹjọ́ yìí dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930. Ní 1947, ìjọba tún ṣe òfin lórí ilẹ̀ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó.

Ìsọlọ̀, aládùúgbò Òṣòdì, ní ọba tirẹ̀, Ọ̀sọlọ̀. Òṣòdì Tápà kò jọba rí. Ṣùgbọ́n lónìí, orúkọ ìránṣẹ́ náà wà lẹ́nu ayé ju ti Kòsọ́kọ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ.