Ẹ̀jẹ̀ Ìbàdàn Nínú Ìwádìí Ìṣàkóso Jíìnì

Àkọsílẹ̀ ìran kan náà ló wà nínú ewé àti gbòǹgbò ìrẹsì Ọ̀fàdà, síbẹ̀ gbòǹgbò kì í so hóró. Ohun tó ń pinnu jíìnì tí yóò ṣiṣẹ́ àti èyí tí yóò dákẹ́ nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan là ń pè ní ìṣàkóso jíìnì. Nínú ìtàn ìwádìí rẹ̀ lára èèyàn, ipa tí Ìbàdàn kó kò kéré.

Oṣù kẹwàá ọdún 2002 ni HapMap, iṣẹ́ àgbáyé tó ń wá ìyàtọ̀ inú DNA àwọn èèyàn, bẹ̀rẹ̀. Charles Rotimi ti Yunifásítì Howard àti Clement Adebamowo ti Ìbàdàn wà lára àwọn tó ṣètò ti ilẹ̀ Yorùbá. Wọn ò kàn gbé abẹ́rẹ́ wọ àdúgbò. Wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn ará ibẹ̀ jíròrò, wọ́n gbọ́ ìbéèrè wọn, wọ́n sì gba àṣẹ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń gbà lọ́wọ́ ẹni láìṣàlàyé. Ìdílé 30 ló yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn, bàbá, ìyá àti ọmọ, gbogbo wọn jẹ́ 90. Wọn ò kọ orúkọ ẹnì kankan mọ́ ẹ̀jẹ̀ náà. Coriell Institute ní New Jersey ni wọ́n tọ́jú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ti inú ẹ̀jẹ̀ náà wá sí. Ní 2010, àwọn oníwádìí Yunifásítì Chicago ka RNA inú oríṣi sẹ́ẹ̀lì 69 tó ti Ìbàdàn wá, láti mọ bí jíìnì ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú wọn.

Ẹ̀dà tí sẹ́ẹ̀lì ń ṣe láti ara DNA ni RNA. RNA mìíràn wà tó gùn ju lẹ́tà 200 lọ tí kì í sì í bí purotéènì rárá, tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ ti fojú pa rẹ́ tẹ́lẹ̀. XIST, tí wọ́n ṣàwárí ní 1991, wà lára ohun tó yí èrò wọn padà. Kúrómósómù X méjì ló wà nínú sẹ́ẹ̀lì ọlẹ̀ obìnrin. XIST á bo ọ̀kan láti òkè délẹ̀, á sì pa èyí tó pọ̀ jù nínú jíìnì rẹ̀ lẹ́nu mọ́. Ní 2011, Mitchell Guttman àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dín irú RNA gígùn bẹ́ẹ̀ kù nínú sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ọlẹ̀ eku, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Nígbà tí wọ́n dín àwọn kan kù, sẹ́ẹ̀lì náà kò lè dúró ní ipò ìpìlẹ̀ mọ́.

Ní 2007, Shinya Yamanaka ará Japan sọ sẹ́ẹ̀lì awọ àgbàlagbà di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó jọ ti ọlẹ̀. Ọ̀nà yìí ni ẹgbẹ́ Chicago tọ̀ nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018: wọ́n sọ oríṣi sẹ́ẹ̀lì Ìbàdàn 58 di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, wọ́n sì sọ 14 nínú wọn di sẹ́ẹ̀lì iṣan ọkàn. Wọ́n rí i pé ìyàtọ̀ DNA kan lè darí jíìnì nínú gbogbo oríṣi sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n yẹ̀ wò, kí òmíràn má sì ṣiṣẹ́ ju inú oríṣi kan ṣoṣo lọ.