Ọkọ̀ Abẹ́ Omi àwọn Jámánì ní Ẹnu Ọ̀sà Èkó

Bí a bá ń sọ ìtàn Ogun Hítílà láàrin ara wa, ilẹ̀ Bọ́mà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jà ni a máa ń rántí, tàbí ìlú Òyìnbó tí bọ́ǹbù ti ń wó ilé. Díẹ̀ nínú wa ni ó mọ̀ pé ogun náà dé ẹnu ọ̀sà Èkó gan-an, níbi tí kò tó 30 máìlì sí ààfin Ọlọ́ta, àti pé ọkọ̀ kan rì níbẹ̀. Ìtàn ọkọ̀ abẹ́ omi tí ó ṣe iṣẹ́ ibi náà ni a fẹ́ sọ.

U-69 ni wọ́n ń pè é. Ìlú Kiel ni wọ́n ti kàn án, ní ilé-iṣẹ́ Germaniawerft, ó sì wọ iṣẹ́ ogun ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 1940. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ tí àwọn Jámánì pè ní VIIC, tí wọ́n sì wá ṣe lé ní 500 irú rẹ̀ kí ogun tó parí. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 220, fífẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 lọ, inú ihò tóóró yìí sì ni àwọn ọkùnrin bí 45 ń gbé fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ojú ihò mẹ́rin ni ó fi ń ta tọ́pídò níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Àwọn atukọ̀ rẹ̀ ya àwòrán màlúù tó ń rẹ́rìn-ín sí ara ilé ìṣọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín wo ni màlúù ń rín lójú ogun, àwọn ni ó yé.

Àwọn kan rò pé abẹ́ omi ni irú ọkọ̀ yìí ń gbé bí ẹja. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nì ni kí a fi wé, tí ó gbọ́dọ̀ yọ imú sókè kí ó lè mí. Ẹ́ńjìnì dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ láìsí afẹ́fẹ́, nítorí náà orí omi ni ó ti ń fi í rìn, níbi tí ó ti lè sáré tó nǹkan bí 20 máìlì ní wákàtí kan, tí epo inú rẹ̀ sì lè gbé e kọjá 8,000 máìlì. Bí ó bá rì sábẹ́, iná bátìrì ni ó kù fún un. Nǹkan bí 80 máìlì péré ni èyí lè gbé e, bí ó bá rọra ń lọ bí ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Lẹ́yìn náà ó di dandan kí ó yọ, kí ẹ́ńjìnì náà tún fi iná sínú bátìrì. Ìdí nìyí tí ó fi fẹ́ràn òru.

Kí ni ó wá ṣe lọ́dọ̀ wa? Láti ọdún 1940 ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kó ọkọ̀ òfurufú gúnlẹ̀ sí Takoradi ní Gold Coast, láti ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń fò gba Èkó àti Kánò lọ sí Íjíbítì fún ogun tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá dí Takoradi àti Èkó, ó ti dí ọ̀nà náà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1941, U-69 ń bọ̀ lábẹ́ àṣẹ ọ̀gá rẹ̀, Jost Metzler. Ní ọjọ́ 21 oṣù náà, ó rì ọkọ̀ Amẹ́ríkà kan, Robin Moor, nígbà tí Amẹ́ríkà kò tíì bá ẹnikẹ́ni jà. Ní ìparí oṣù náà, ó ti ojú ihò tọ́pídò rẹ̀ da àdó olóró sísàlẹ̀ omi ní Takoradi àti ní Èkó. Àdó wọ̀nyí a máa dákẹ́ sórí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Irin ara ọkọ̀ tó bá kọjá lókè wọn ni ó ń ta wọ́n jí. Kí oṣù náà tó parí, ó tún ta tọ́pídò lu ọkọ̀ Sangara tí ó dúró sí èbúté Àkrá.

Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà, àdó kan bú ní Èkó. Ọkọ̀ tí ó pa ni Robert Hughes, ọkọ̀ agbẹ́yanrìn, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa kó yanrìn kúrò lọ́nà ọkọ̀. Ẹni tí kò mọ Èkó àtijọ́ lè rò pé ohun kékeré ni. Kí a tó mọ ògiri òkúta méjèèjì wọ inú òkun ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, òkìtì yanrìn dí ẹnu ọ̀sà tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ńlá kì í lè wọlé. Ojú òkun ni wọ́n ti ń gbé èrò àti ẹrù bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré. Ògiri náà nìkan kò sì tó. Bí a bá dẹ́kun gbígbẹ́, yanrìn yóò padà. Nítorí náà, nínú gbogbo ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá, èyí tí ń la ọ̀nà fún àwọn yòókù ni ó bọ́ sórí àdó.

Kì í ṣe U-69 nìkan ni ó ń ṣọdẹ. Ní ìrìn àjò kan ṣoṣo ní ọdún 1941 yìí, U-107 rì ọkọ̀ 14, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní agbami lẹ́bàá Freetown. Adda, ọkọ̀ Elder Dempster tí ń kó lẹ́tà àti èrò wá sí etí òkun wa, wà nínú wọn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942, U-575 rì Abosso, ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ kan náà, ènìyàn 362 sì kú. Ọkọ̀ tó kù kò tó ẹrù. Ìjọba ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ní láti jó apá kan rẹ̀ níná ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nítorí àìsí ọkọ̀ tí yóò kó o. (Obì ní tirẹ̀, òkè Ọya ni ó ń lọ, tọ́pídò kò lè lé ọkọ̀ ojú irin.) Iyọ̀, aṣọ, páànù àti epo kẹrosín wọ́n gógó. Àwọn ìyá wa dá àwọn oníṣòwò lẹ́bi, wọn kò sì jẹ̀bi tán, nítorí àwọn kan kó ọjà pamọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nísàlẹ̀ òkun kò sí lójú wọn.

Àìsàn mú kí Metzler fi U-69 sílẹ̀ nínú ọdún 1941 kan náà, nípa bẹ́ẹ̀ ó yè, ó sì kọ ìwé lórí ọkọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ náà kò yè. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1942, ó rì Caribou, ọkọ̀ èrò kan nítòsí Newfoundland, tọkùnrin tobìnrin àti ọmọdé sì ṣòfò nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1943, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá a ní agbami òkun Àtìláńtíìkì. Gbogbo ènìyàn 46 tó wà nínú rẹ̀ ni ó kú.

Ẹnu ọ̀sà kan náà ni ọ̀pọ̀ ẹrù àwọn ilé-iṣẹ́ Sàngó Ọ̀tà ń gbà wọlé lónìí, a kò sì yé gbẹ́ yanrìn rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin òǹkàwé bá ní fọ́tò tàbí ìwé tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ láti ìgbà tí ó ṣiṣẹ́ ní èbúté Èkó nígbà ogun náà, inú wa yóò dùn bí ó bá fi ránṣẹ́ sí wa fún ìwé ọdún tó ń bọ̀.